Ọkọ̀ òṣùpá oníbíríkì ọdún 1978 ń bẹ nínú àpò ìṣeré tòkunbọ̀

Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Ìjẹ̀ṣà, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì, kò ní í pẹ́ rí ọkọ̀ àjàgbé tó gbé kọ̀ǹténà sẹ́yìn. Láti èbúté Àpápá àti Tin Can ni wọ́n ti ń bọ̀, ohun tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe tuntun. Fíríìjì ni, tẹlifíṣọ̀n ni, kẹ̀kẹ́ ni, aṣọ àti bàtà tí àwọn ará ìlú Òyìnbó ti lò tó sú wọn ni. Àpò nǹkan ìṣeré ọmọdé náà kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Bí wọ́n bá dà á sílẹ̀ lọ́jà, bọ́ọ̀lù á yí síbí, bèbí tí irun rẹ̀ ti tu á yọ lọ́hùn-ún, mọ́tò tí táyà rẹ̀ ti já á dojú dé, àwọn bíríkì rọ́bà kéékèèké aláràbarà á sì kún ìsàlẹ̀ àpò bí ẹ̀wà.

Àwọn bíríkì ìsàlẹ̀ àpò yìí gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Bí orí bá ṣe é, èèyàn lè rí ọkùnrin kékeré kan láàárín wọn tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Ojú rẹ̀ yẹ́lò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dé akoto, ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ya àwòrán ayé kan aláwọ̀ wúrà sí i láyà, tí ọkọ̀ kékeré kan ń yí i po. Ẹni tó da àpò náà sílẹ̀ lè má mọ̀ pé ẹni tó ń rìnrìn-àjò lọ sínú òṣùpá lòun mú dání yẹn, pé ó ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ṣe é, àti pé àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n ń bẹ ní London, Amẹ́ríkà àti Jámánì tí wọ́n ń wá irú rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Billund, lórílẹ̀-èdè Denmark, ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà kan, Ole Kirk Christiansen, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1932, igi ló sì kọ́kọ́ ń fi ṣe nǹkan ìṣeré. Lọ́dún 1934 ló sọ ọ́ ní Lego, orúkọ tí wọ́n yọ láti inú ọ̀rọ̀ méjì tó túmọ̀ sí "ṣeré dáadáa" lédè wọn. Ọmọ rẹ̀, Godtfred, ló lọ gba ìwé àṣẹ lórí bíríkì náà lọ́jọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 1958. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé kókó kéékèèké wà lórí bíríkì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá oníhò sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀kan lè gbá èkejì mú ṣinṣin, síbẹ̀ kí ọwọ́ ọmọdé lè tú u. Bíríkì tí wọ́n ṣe lọ́dún 1958 ṣì ń wọnú èyí tí wọ́n ṣe lónìí. Ẹ mú ẹyọ mẹ́fà péré tó ní kókó mẹ́jọ-mẹ́jọ, kí gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ kan náà: ọ̀nà tí èèyàn lè gbà tò wọ́n pọ̀ lé ní mílíọ̀nù 915. Ẹni tí kò bá gbà, kó jókòó tì í kó máa kà á.

Lọ́jọ́ 20, oṣù keje, ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin balẹ̀ sínú òṣùpá. Àwọn ọmọ tó gbọ́ ìròyìn yìí lórí rédíò kò gbàgbé rẹ̀. Ọdún 1978 ni Lego wá gbé ìṣeré òṣùpá tirẹ̀ jáde, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì gbé ọmọlangidi kékeré tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí jáde. Ọ̀gbẹ́ni Jens Nygaard Knudsen ni ọwọ́ rẹ̀ wà nídìí méjèèjì. Ó kú lọ́dún 2020. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ náà ni èyí tí wọ́n pè ní Galaxy Explorer ní Amẹ́ríkà. Ẹyọ 338 ló wà nínú páálí rẹ̀. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú búlúù, fèrèsé rẹ̀ yẹ́lò tó ń tàn bí ìgò, èèyàn mẹ́rin ló sì ń wọ̀ ọ́, méjì wọ pupa, méjì wọ funfun. Wọ́n tún fi ilé kékeré sí i, àti ilẹ̀ òṣùpá tó rí gbágungbàgun. Ìdí ọkọ̀ náà ń ṣí, mọ́tò kékeré kan á sì yọ jáde níbẹ̀. Ibi mọ́tò tó ń yọ jáde yìí lọ́pọ̀ àwọn tó fi ṣeré nígbà náà ṣì máa ń sọ títí dòní.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí òbí kíyè sí. Kò síbọn. Kò sí ọ̀tá. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà ló ń rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò sì ju kí wọ́n wa ilẹ̀, kí wọ́n gbé ẹrù, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó di ọdún 1987 kí wọ́n tó gbé àwọn aláṣọ dúdú tó jọ ọmọ ìta jáde, ó sì di ọdún 1989 kí ọlọ́pàá òfurufú tó dé láti máa lé wọn. Bí wọ́n bá bi ilé-iṣẹ́ náà léèrè ìdí tí ojú gbogbo wọn fi yẹ́lò, èsì wọn ni pé àwọ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan làwọn ń wá. Kò burú. Ó kàn jẹ́ pé ó di ọdún 2003 kí aláwọ̀ dúdú tó fojú hàn láàárín wọn.

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ńkọ́? Àdúgbò tí àwọn Ìjẹ̀ṣà tẹ̀ dó, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí, kì í ṣe ibi tí páálí olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wọlé. Ní ilé kojú-sí-mi-kí-n-kojú-sí-ọ, nínú ọgbà tí ìdílé mẹ́jọ ti ń lo kànga kan, agolo ni ìṣeré ọmọ. Agolo mílíìkì, agolo sàdíìnì, páálí ìṣáná, ìdérí ìgò. Wọ́n á gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti já róbótó, ó di táyà. Wọ́n á fi wáyà gún un, wọ́n á fi okùn fà á, ó di tírélà. Ẹni tó bá fẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì á to agolo lórí ara wọn, á ká bébà sókè rẹ̀ bí òkòtó. Kò sí ìwé kankan tó júwe bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ tó dàgbà ló ń kọ́ ọmọ kékeré, bí ìyá ilé bá sì ti jí lójú oorun ọ̀sán, ohùn tó máa ń jáde láti fèrèsé kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ kó pàǹtí yẹn kúrò níbẹ̀, kí ẹ lọ kàwé yín!"

Bí bíríkì tòkunbọ̀ náà ṣe ń dé nìyẹn, láìsí páálí, láìsí ìwé àlàyé. Apá ọkọ̀ ni, ilẹ̀kùn ilé ni, ìdajì ẹṣin ni. Ọmọ tí wọ́n bá rà á fún kò mọ̀ pé fèrèsé ọkọ̀ òṣùpá ni yẹ́lò tó ń dán yẹn. Lọ́wọ́ tirẹ̀, dánfó ni, kọndọ́ ni arìnrìn-àjò òṣùpá náà, ó sì ti ń pe èrò Láwànsọ́n àti Ojúẹlẹ́gba.

Ká má tíì fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín, nítorí ìtàn Nàìjíríà àti òfurufú kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí John Glenn yí ayé po lọ́jọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 1962, ọ̀kan lára àwọn ibùdó tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ wà ní Kánò. Lọ́jọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Ní Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́ ọ, ilẹ̀ kan náà tí àpò ìṣeré tòkunbọ̀ ti ń wá, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 tún lárinrin. Lọ́jọ́ 5, Amẹ́ríkà rán ẹ̀rọ Juno lọ sọ́dọ̀ Júpítà, ọmọlangidi Lego mẹ́ta tí wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ 17, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X gbéra láti Rọ́ṣíà, ọwọ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà ló sì kọ́ NigeriaSat-X yìí ní Surrey.

Ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ bíríkì jù ni ti Àkúrẹ́. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FUTA, dara pọ̀ mọ́ yunifásítì kan ní Japan, wọ́n sì kọ́ NigeriaEduSat-1, tó gbéra lọ́jọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2017. Onígun mẹ́rin ni, bí búlọ́ọ̀kù kékeré. Ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ̀n tó kílò kan péré. Ó wà lókè títí di ọdún 2019. Ta ló pinnu pé kí irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Bob Twiggs ní Amẹ́ríkà ni, òun àti Jordi Puig-Suari, lọ́dún 1999. Twiggs fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé nínú ṣọ́ọ̀bù lòun ti rí àpótí rọ́bà kékeré kan tí wọ́n ń fi bèbí ìṣeré sí, òun sì rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ bá ohun tóun ń wá mu. Àpótí ìṣeré ọmọdé ló fún sátẹ́láìtì Àkúrẹ́ ní ìwọ̀n.

Nílùú Òyìnbó, àwọn ọmọ ọdún 1978 ti di bàbá, owó sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí Lego fi tún Galaxy Explorer ṣe lọ́dún 2022, nígbà tó ń ṣayẹyẹ 90 ọdún. Ẹyọ 1,254 ló wà nínú tuntun yìí, dọ́là 99.99 ni wọ́n sì ń tà á nígbà tó jáde. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n dìídì ṣe é fún, bàbá ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ti ọdún 1979 gan-an ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fà sí, pàápàá bó bá pé pérépéré, tí páálí àti ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ya sọ́tọ̀ náà ní oníbàárà tirẹ̀. Oníṣòwò tó ń fi agolo wọn bíríkì tà lè máa ta ohun tó níye lórí gan-an mọ́ ohun tí kò níye lórí rárá. Kókó orí bíríkì ni kó wò: ojúlówó máa ń ní orúkọ LEGO lórí kókó kọ̀ọ̀kan, ó kéré débi pé ojú àgbà á fẹ́ dígí kó tó rí i. Ayédèrú kì í ní in.

Òbí ní tirẹ̀ ní ohun tó ju owó lọ láti rò. Lọ́dún 2018, Dókítà Andrew Turner ti Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ nǹkan ìṣeré àlòkù bíi 200 wò, tó kó láti ilé, ilé ìtọ́jú ọmọ àti ṣọ́ọ̀bù alápólà. Ó rí òjé, cadmium àti àwọn nǹkan mìíràn tó lè pa ọmọ lára nínú ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá àwọn tó pupa, tó yẹ́lò, tó sì dúdú. Bíríkì Lego pupa àti yẹ́lò àwọn ọdún 1970 sí 1980 wà lára àwọn tó dárúkọ. Kì í ṣe pé ẹni tó fọwọ́ kàn án ti gba májèlé. Ẹnu ni wàhálà wà, ọmọ tó sì ń yọ eyín lọ́wọ́, gbogbo ohun tó bá mú, ẹnu lọ̀nà. Ká tilẹ̀ mú cadmium kúrò, ẹyọ tó kéré bẹ́ẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun. Àtijọ́ pupa àti yẹ́lò, kí wọ́n gbé e sókè fún ọmọ tó ti gbọ́n, tí yóò fi tò ó, tí kò ní í fi jẹun. Dídà á sí gọ́tà náà kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ: Turner kan náà ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2020 pé bíríkì kan lè wà nínú òkun fún 100 ọdún sí 1,300 kó tó run tán, gọ́tà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kò sì nílò ohun mìíràn tí yóò dí i nígbà òjò.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ti tó. Omi gbígbóná á ká a kò. Kí wọ́n má sá a sóòrùn, nítorí oòrùn ló ń sọ funfun di pupa rúsúrúsú, tó sì ń ba eérú jẹ́. Ọmọlangidi òṣùpá ní tirẹ̀ ní ibi tó ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìyẹn ìsàlẹ̀ akoto, lábẹ́ àgbọ̀n, níbi tó tín-ín-rín. Ọmọ méjì á jà sí i, á kán. Ó wọ́pọ̀ débi pé nígbà tí wọ́n fi ọmọlangidi aláṣọ búlúù kan ṣe ọ̀kan lára àwọn òṣèré fíìmù Lego lọ́dún 2014, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí akoto rẹ̀ kán níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wá nínú àpò, àgbọ̀n ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.