ÌTỌ́JÚ EYÍN AJÁ KÉKERÉ NÍNÚ ILÉ

Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ ra àgbò lọ́jà kì í sanwó kí ó tó ṣí ẹnu ẹran náà wò, nítorí pé eyín ni í sọ ọjọ́ orí àgbò fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò. Ṣùgbọ́n ajá tí ó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà wa lálaalẹ́, tí ó ń ṣọ́ ilé, tí ó sì ń lé eku kúrò nídìí àká, lè lo ọdún 5 lọ́dọ̀ wa kí ẹnikẹ́ni má gbé ètè rẹ̀ sókè rí. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ajá ń rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òórùn burúkú jẹ́ àmì pé èrìgì, èyíinì ni ẹran tí ó di ìdí eyín mú, ti ń ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ajá, ṣùgbọ́n ó kan ajá kékeré jù lọ. Àwọn tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò 10 ni à ń sọ, bí àwọn kan nínú ajá ìbílẹ̀ wa, àti àwọn ajá onírun gígùn tí à ń pè ní Lhasa, tí àwọn ọmọ wa ń mú bọ̀ láti ìlú ńlá.

ÌDÍ TÍ EYÍN AJÁ KÉKERÉ FI TÈTÈ Ń BÀJẸ́

Eyín 42 ni ajá tí ó ti dàgbà ń ní, ìbáà jẹ́ ajá ńlá tàbí kékeré. Àgbọ̀n ajá kékeré kúrú, ṣùgbọ́n iye eyín rẹ̀ kò dín. Nítorí náà, àwọn eyín náà a há mọ́ ara wọn bí àgbàdo tí a gbìn sún mọ́ra jù, oúnjẹ a sì máa há sí àárín wọn.

Láàárín wákàtí díẹ̀ tí a bá nu eyín tán, ìdọ̀tí kan tí ó ń yọ̀, tí ó kún fún kòkòrò tí ojú kò lè rí, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Aṣọ tútù lásán tó láti nu ìdọ̀tí yìí kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3, èròjà inú itọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di èèpá líle bí òkúta, aṣọ kò sì ní lè mú un kúrò mọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Lẹ́yìn èyí ni èrìgì yóò wú, tí yóò pọ́n, tí yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Títí dé ibí yìí, bí a bá fọ ẹnu náà mọ́, èrìgì yóò padà bọ̀ sípò. Bí a kò bá ṣe é, àrùn náà yóò wọ abẹ́ èrìgì lọ, yóò sì máa jẹ egungun tí eyín dúró lé. Egungun tí ó bá ti jẹ tán kì í hù padà. Egungun àgbọ̀n ajá kékeré sì tín-ín-rín. Nígbà tí àrùn bá ti jẹ ẹ́, ìṣubú díẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ.

KÍ Ẹ TÓ FI ỌWỌ́ KAN ẸNU AJÁ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka apá yìí. Ajá tí ó ní àrùn dìgbòlugi lè máa da itọ́ lẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ lè ṣàì padé. Ó lè máà lè gbé oúnjẹ mì. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé eyín ni ó ń dùn ún tàbí pé eegun ni ó há a lọ́fun, kí ó sì ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Itọ́ ajá yìí lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé sí ara. Nínú ènìyàn 100 tí dìgbòlugi ń mú, ajá ni ó ń kó o ran nǹkan bí 99. Bí àmì àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí onítọ̀hún tó yè.

Nítorí náà, ajá tí ara rẹ̀ dá, tí ẹ mọ̀ dáadáa, tí ó sì ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nìkan ni kí ẹ máa fọ eyín rẹ̀. A máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù 3, a ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, ẹ má fọwọ́ kan án. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, tàbí bí itọ́ rẹ̀ bá kan ojú ọgbẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

BÍ A ṢE Ń FỌ EYÍN AJÁ

Bí àwa náà ti ń run orín láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa fọ eyín ajá lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

1. Láti kékeré ni kí ẹ ti mú un mọ́ ọn lára. Fún ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kàn máa gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un ní ẹran díẹ̀.

2. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ajá náà, ẹ má ṣe dojú kọ ọ́. Ajá tí a bá dúró lé lórí a máa bẹ̀rù.

3. Ẹ wé aṣọ mímọ́ tí ó rọ̀ mọ́ ìka, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́, kí ẹ sì fi nu ìta eyín àti etí èrìgì.

4. Ẹ má gbàgbé eyín ńlá tí ó wà lókè lẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni itọ́ ti ń sun, nítorí náà ibẹ̀ ni èèpá ti ń tètè dì.

5. Nígbà tí ó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ lè lo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé tí ó rọ̀. Ẹ dà á díẹ̀ sí ìhà èrìgì, kí ẹ sì máa yí i po ní jẹ́jẹ́.

Láàárín oṣù 4 sí oṣù 7 ni ajá ń pàrọ̀ eyín. Èrìgì lè máa dùn ún nígbà náà, ẹ rọra.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ má lo ọṣẹ ìfọyín ti ènìyàn. Ajá kò mọ̀ ọ́n tu dànù. Gbígbé ni yóò gbé e mì. Òmíràn sì ní èròjà aládùn tí à ń pè ní xylitol nínú, èyí tí ó lè pa ajá. Ẹ má fi iyọ̀ fọ̀ ọ́.

Ẹ má fi ọ̀bẹ họ èèpá. Yóò ha ara eyín, ìdọ̀tí yóò sì túbọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má fún un ní eegun láti fọ eyín. Eegun tí a ti sè a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì máa gún ọ̀fun àti ìfun. Eegun líle a máa ṣẹ́ eyín.

Ẹ má fi ẹ̀mú fa eyín tí ó ń mì. Egungun àgbọ̀n lè ṣẹ́.

ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ A FI LỌ SÍ Ọ̀DỌ̀ DÓKÍTÀ ẸRANKO

Ẹ lọ bí ẹnu ajá bá ń rùn gidigidi. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun tàbí tí oúnjẹ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí abẹ́ ojú rẹ̀ bá wú. Tàbí bí ó bá ti pé oṣù 7 tí eyín ọmọdé ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín àgbà. Dókítà yóò fún un ní oògùn oorun kí ó tó họ èèpá tí ó wà lábẹ́ èrìgì. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Owó iṣẹ́ yìí kò kéré, ọ̀nà sì lè jìn. Nítorí náà, ó dára kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yan ọjọ́ kan lọ́dún, kí wọ́n pe dókítà ẹranko wá sí abúlé, kí gbogbo ajá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó sì wo ẹnu wọn lọ́jọ́ kan náà. Ìyókù wà lọ́wọ́ onílé: aṣọ mímọ́, omi mímọ́, àti ìṣẹ́jú 2 ní alaalẹ́. Ajá kò lè sọ pé eyín ń dun òun; àwa tí ó ń ṣọ́ ni kí a máa wo ẹnu rẹ̀.