Kí èrò tó jókòó dáadáa, bàálù ti gúnlẹ̀

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun wọ bàálù, tó gbéra, tó sì balẹ̀ sí ìlú mìíràn kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ẹ lè rò pé irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe irọ́ rárá. Ní òkè réré ìhà àríwá ilẹ̀ Scotland, láàrin àwọn erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Orkney, wọ́n ti ń rin irú ìrìn-àjò yìí láti ọdún 1967.

Erékùṣù méjì lọ̀rọ̀ kàn, Westray àti Papa Westray. Láti pápákọ̀ òfurufú ọ̀kan sí ti èkejì kò ju kìlómítà 2.7 lọ. Ẹni tó bá mọ pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà yóò rí bó ti kéré tó: ojú ọ̀nà tó gùn jù níbẹ̀, èyí tí bàálù ńlá fi ń sáré kó tó gbéra, tó kìlómítà 3.9. Afárá Third Mainland ní Èkó gùn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni wọ́n ṣírò fún ìrìn náà. Bí atẹ́gùn bá ń ti bàálù lẹ́yìn, kì í tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kan, Stuart Linklater, ti fi ìṣẹ́jú àáyá 53 péré débẹ̀ rí. Àwa tí a máa ń jókòó fún wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀, tí wọ́n á máa sọ pé bàálù ti ń bọ̀, ẹnu á yà wá.

Ẹ má ro bàálù ràgàjì o. Islander ni wọ́n ń pè é, ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, èrò mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló lè gbà. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló ń wà á, nítorí náà èrò lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú dáńfó.

Àwọn kan ń wọ̀ ọ́ ṣe fàájì lóòótọ́, kí wọ́n lè ròyìn rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré fún àwọn onílé. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2011, ènìyàn 588 ló wà ní Westray, 90 péré ló wà ní Papa Westray. Agboolé ńlá kan nílẹ̀ wa lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi wà láàrin wọn, tó ń lò tó ìṣẹ́jú 25, ṣùgbọ́n òkun ibẹ̀ kì í gbẹ̀rọ̀ nígbà òtútù. Olùkọ́ ń bá bàálù náà lọ síṣẹ́, aláìsàn sì ń bá a lọ rí dókítà ní Kirkwall, olú-ìlú wọn. Owó ọkọ̀ èrò díẹ̀ yìí kò lè gbé e dúró, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Orkney ló ń fowó kún un. Ẹni tó bá ti gbé aláboyún tó ń rọbí sínú ọkọ̀ ojú omi lóru rí kò ní pe ìyẹn ní ìnákúnàá.

Irú bàálù kékeré yìí náà ni ilé-iṣẹ́ Loganair fi ń gbé aláìsàn ní Orkney títí di ọdún 2006. Ní ọdún 1973, obìnrin kan bímọ sínú ọ̀kan lára wọn lójú òfurufú. Ká ní ilẹ̀ wa ni, Abíọ́nà là bá sọ ọmọbìnrin náà.