Wáifáì Ń Já: Níbo Gan-an Ni Ó Ti Ń Já?

Kò sí ẹni tí ó ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkókómáíkò tí kò mọ bí àyà ṣe máa ń já nígbà tí ènìyàn bá ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, tí gbèdéke ku wákàtí kan, tí Wáifáì sì já. Ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń ṣe ni pé wọn á dá owó jọ, wọn á ra ráútà tuntun. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òun náà á fi máa já. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí a wò kí owó tó jáde lápò.

Ìrìn-àjò méjì ni ohun tí a ń rán lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rìn. Èkíní ni láti inú fóònù dé ọ̀dọ̀ ráútà nínú ilé. Èyí nìkan ni ó ń jẹ́ Wáifáì. Èkejì ni láti ọ̀dọ̀ ráútà lọ sí òpó ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, kí ó tó bọ́ sínú ayé. Bí ó bá já, ẹ wo ojú fóònù. Bí àmì Wáifáì bá wà níbẹ̀ digbí ṣùgbọ́n tí ohunkóhun kò wọlé, ìrìn-àjò kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí àmì náà bá pòórá, nínú ilé ni ọ̀ràn wà. Ẹ tún bi ẹni tí ó wà ní yàrá kejì: bí tirẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, fóònù yín ni kí ẹ dojú kọ.

Èmi a máa gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa kọ aago tí ó já, yàrá tí ó kàn, àti irú iná tí ó wà. Ní ilé kan ní Ìbà tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo aago tí a kọ sílẹ̀ ni ó bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń yí iná láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀. (NEPA ti kógbá sílé láti 2005, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa.) Bí iná bá ti ṣẹ́jú báyìí, ráútà kú nìyẹn, ó sì lè tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó tún gbéra. Kò sí ohun tí ó ṣe ráútà náà. Bátìrì kékeré tí a ń so mọ́ ráútà, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Alábà, ni ó parí ìjà. Kí ẹ sáà rí i pé iye fóòtì rẹ̀ bá ti ráútà mu. Bí ẹ bá fún ráútà oní-fóòtì 12 ní 9, á máa kú, á máa jí.

Bí ó bá jẹ́ pé alẹ́ nìkan ni ó ń já, ẹ wo àwọn aládùúgbò. Nínú ilé tí ó ní yàrá méjìlá, ráútà mẹ́jọ lè máa ké pọ̀, orí ìgbì 2.4 GHz ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Ìgbì náà ní ojú ọ̀nà tí a fi nọ́ńbà sí, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni a sábà ń lò tí kò gun ara wọn: 1, 6 àti 11. Àwọn ráútà tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà máa ń gbọ́ ara wọn, wọ́n a sì dúró de ara wọn, bí ọkọ̀ tí ó tò ní gáréèjì. Èyí tí ó bá lọ jókòó sí 3 dà bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ń pariwo láàárín èrò ní Ìyànà-Ìbà: ó ń dí ẹni tí ó wà ní 1 àti ẹni tí ó wà ní 6 lọ́wọ́, àwọn náà sì ń dí i. Nítorí náà n kò fara mọ́ àwọn tí ó ní kí a sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, èyí tí èrò rẹ̀ kéré jù. Ojú ewé ètò ráútà ni a ti ń yí i. Adírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, máa ń wà lára ẹ̀rọ náà. Ìgbì 5 GHz ní àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tètè máa ń dá a dúró.

Ní ti ìrìn-àjò kejì, iṣẹ́ wa kò pọ̀. Ẹ gbé ráútà onísíìmù kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e sójú fèrèsé, kí ẹ máa yí i títí àmì rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i. Ẹ wò ó bóyá dátà ti tán. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ìgbà mìíràn sì wà tí ibi tí ó ti já kò sí ní Ọ̀jọ́ rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mélòó kan já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ó kan àwọn báǹkì wa pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń pa ráútà, tí ó ń tàn án ní Òkókómáíkò lọ́jọ́ náà kàn ń dára rẹ̀ láàmú ni.

Yàtọ̀ sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò ṣe ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la, kí ó fi síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn sínú fóònù lónìí, kí dátà sì wà lórí rẹ̀. Bí ó bá já síbẹ̀, kí ó kọ aago tí ó já sílẹ̀, nítorí olùkọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ yóò bèèrè.