Èdè Síríákì àti Àwọn Tí Ó Ń Sọ Ọ́

Inú ẹbí èdè Sèmítíìkì ni Síríákì wà; mọ̀lẹ́bí ni òun, Hébérù àti Lárúbáwá. Ẹ̀ka-èdè Árámáíkì tí àwọn ará ìlú Ẹ́dẹ́sà ń sọ ni tẹ́lẹ̀. Ìlú yìí ni Urfa òde-òní, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì gbilẹ̀ níbẹ̀, Síríákì di èdè Bíbélì àti ti ìsìn. Òun ni Ephrem, tí ó kú ní ọdún 373, fi kọ àwọn orin rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, Hunayn ibn Ishaq túmọ̀ ìwé ìṣègùn àwọn Gíríìkì sí i ní Bagdad.

Lẹ́tà 22 ni ó ní. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni a sì ń kọ ọ́. Kọ́ńsónáǹtì ni àwọn lẹ́tà náà dúró fún ní ìpìlẹ̀. Àmì ni a fi ń tọ́ka sí fáwẹ̀lì. Lẹ́yìn ìyapa tí ó dé bá ìjọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, ìkọ̀wé àti pípè pẹ̀lú yapa. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí àlàáfíà ni shlama ní ìlà-oòrùn, shlomo ní ìwọ̀-oòrùn. Ìbátan rẹ̀ ni ó wà nínú ìkíni "àsàlámù àlékùn" tí àwọn Mùsùlùmí ń lò.

Síríákì àtijọ́ yìí kì í ṣe èdè abínibí ẹnikẹ́ni mọ́. Èdè tí a ń sọ nínú ilé ni Surayt, ti agbègbè Tur Abdin ní Tọ́kì, àti Sureth, ti àríwá Ìráàkì àti àyíká rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ń sọ wọ́n ń pe ara wọn ní Asíríà, àwọn mìíràn ní Kálídíà tàbí Suryoye. Ìpakúpa ọdún 1915, tí wọ́n ń pè ní Sayfo, èyí ni idà, fọ́n wọn ká. Ní ọdún 2014 ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ IS lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò ní Mosul àti Qaraqosh.

Òfin Ìráàkì ti ọdún 2005 fún Síríákì ní ipò èdè ìjọba níbi tí àwọn tí ó ń sọ ọ́ bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti wà ní òkèèrè. Ní Swídìn, a fi lẹ́tà Látìn ṣe ìwé-ẹ̀kọ́ Surayt fún àwọn ọmọ wọn ní àwọn ọdún 1980. Àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀: àwọn kan gbà pé lẹ́tà ìjọ nìkan ni ó yẹ èdè náà. Iyì èdè ìwé ni ó fa èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ka èdè ilé sí èdè tí kò ní gírámà. Síbẹ̀, ọmọ lè ka àdúrà Síríákì já geere kí ó má lè bá ìyá-ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé ti pa èdè àtijọ́ mọ́. Èdè ilé ni ó kù tí ewu wà fún.