Ìyá Àgbà Kọ́ Ni Àjẹ́ o! Fíìmù Ló Ń Dẹ́rù Bà Wá

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àbíjàn, ní ilẹ̀ Ivory Coast, ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń tajà lọ́hùn-ún, ó wá fi í ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Èjìgbò kó lè gbọ́ Yorùbá dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀. Ọmọ ní òun ò jẹ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Nígbà tó yá, ó sọ fún aládùúgbò wọn pé: "Ojú màmá jọ ti ìyá tó ń jẹ ọmọ nínú fíìmù àná."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin òǹkàwé wa! Ìyá àgbà gbọ́ ọ. Ṣe ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Ta ló kọ́ ọmọ yìí? Àwa náà ni. Ní 1979, olóògbé Hubert Ògúndé gbé fíìmù "Ayé" jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Ògúndé fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. "Jáiyésinmi" tẹ̀ lé e ní 1980. Àwọn èèyàn rọ́ lọ wò wọ́n. Nígbà tó wá di pé fídíò wọ ilé kálukú, ọ̀rọ̀ di àṣà: ìyàwó ò bí, ìyá ọkọ ló dì í nínú, ọmọ kú, ìyá àgbà ló jẹ ẹ́. A ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe ni o, kì í ṣe ẹ̀rí ní kóòtù!

Mi ò ní kí wọ́n má ṣe eré tó ń bani lẹ́rù mọ́. Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Nínú "Rosemary's Baby" tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1968, àwọn aládùúgbò aboyún kan ni oṣó àti àjẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ gan-an ló tà á fún wọn, kí iṣẹ́ tíátà tirẹ̀ lè gbèrú.

Èyí tó bá Èjìgbò mu jù ni "Nanny" tí Nikyatu Jusu ṣe ní 2022. Obìnrin ará Sẹ̀nẹ̀gà kan fi ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní New York, ó ń tu owó jọ kí ọmọ tirẹ̀ lè wá bá a. Ọ̀gá rẹ̀ kì í san owó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mami Wata ń yọ sí i, omi ń bò ó mọ́lẹ̀ lójú àlá. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi ti gbé e lọ. Ìyá àgbà kan wà nínú eré yẹn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìkà. Òun ló ń túmọ̀ ohun tí obìnrin náà ń rí fún un! Ìyá Èjìgbò mélòó ló wà ní Àbíjàn tí kò mọ irú ẹ̀rù yẹn?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ bàbá wà níbẹ̀, ti ìyá wà níbẹ̀. Kí ló kan ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà? Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, abala 210, sì sọ pé ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ lè fẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura.

Ọjọ́ kẹta ni ọmọ yẹn tó jẹ oúnjẹ ìyá àgbà, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Àbíjàn pé: "Ọwọ́ màmá yẹn ló bọ́ èmi náà dàgbà."

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń jókòó ti àwọn ọmọ yín bí wọ́n bá ń wo irú fíìmù báyìí? Ẹ kọ̀wé sí wa.