Bí pip Ṣe Di Irinṣẹ́ Gbogbo Ẹni Tó Ń Kọ Python

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python lónìí lè má mọ̀ pé ìyà kan wà tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti jẹ. Yóò ṣí terminal, yóò tẹ pip install requests, ó parí. Kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ti wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ti ṣeé lò. Requests pàápàá kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó gbára lé package mẹ́rin mìíràn, urllib3, idna, certifi àti charset-normalizer, pip á sì kó wọn wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn.

Ọdún 1991 ni Guido van Rossum gbé Python jáde, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CWI nílùú Amsterdam. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lo kóòdù ẹlòmíràn ní láti fúnra rẹ̀ wá ibi tó wà, kó gbà á wálẹ̀, kó tú u, kó sì ka ìlànà tí ẹni tó kọ ọ́ là sílẹ̀. Ìlànà èyí kì í bá ti ìyẹn mu. Ní 2000, distutils, tí Greg Ward ṣe agbátẹrù rẹ̀, wọ inú Python, ọ̀nà ìgbékalẹ̀ wá di ọ̀kan. Ní 2003, PyPI dé, ibi kan ṣoṣo tí èèyàn ti lè mọ ohun tó wà. Àmọ́ wíwá àti gbígbé ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Phillip J. Eby ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dun èèyàn jù. Láti 2004 ló ti ń ṣe setuptools, easy_install sì jáde látinú rẹ̀. Dárúkọ package, yóò wá a, yóò sì wá àwọn tó gbára lé pẹ̀lú. Ìtura ńlá ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń rí wọn ló ń gbé wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìkẹta bá kọ̀ láti wọlé, àwọn méjì àkọ́kọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ sì dúró sí agbede méjì. Èyí tó burú jù ni pé kò ní àṣẹ kankan tí a fi ń yọ package kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ ní láti máa wá fáìlì inú site-packages kiri, kó máa pa wọ́n rẹ́ níkọ̀ọ̀kan.

Ian Bicking ló yí ipò yìí padà. Ní 2007, ó ṣe virtualenv, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní fódà package tirẹ̀, bí àwọn ìyàwó ilé tí oníkálukú wọn ní ààrò tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé pip jáde, èyí tó kọ́kọ́ sọ ní pyinstall. Pip á kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ jọ, kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó sì ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo fáìlì tó bá gbé kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí pip uninstall fi lè mọ ohun tí yóò yọ. Àbùkù kan ṣẹ́ kù níbẹ̀ títí di òní: bí o bá yọ requests, àwọn mẹ́rin tó bá a wá kò ní bá a lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Bicking ni fáìlì kékeré tí a ń pè ní requirements.txt. Tẹ pip freeze > requirements.txt, wàá rí ìlà bíi requests==2.31.0 nínú fáìlì náà, orúkọ àti ẹ̀dà gan-an. Fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kó tẹ pip install -r requirements.txt, àwọn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ náà ni yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn “lórí ẹ̀rọ tèmi, ó ń ṣiṣẹ́” dín kù púpọ̀.

Ní 2011, ẹgbẹ́ Python Packaging Authority (PyPA) gba ìtọ́jú pip lọ́wọ́ Bicking. Nígbà tí Python 3.4 jáde ní oṣù kẹta 2014, pip ti wà nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún náà, pip 6.0 bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó bá ti gbà wálẹ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀, kó má baà tún lọ gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra data mọ iyì ìyẹn.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí package méjì bá ń béèrè fún ẹ̀dà package kẹta tó yàtọ̀ síra, èyí tí pip bá kọ́kọ́ pàdé ló máa ń mú. Ní oṣù kọkànlá 2020, pip 20.3 dé pẹ̀lú ètò tuntun tó ń wá ẹ̀dà tí yóò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Bí kò bá sí, yóò kọ̀. Inú ń bí èèyàn nígbà tí ohun tó ń wọlé lánàá kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n kíkọ̀ yẹn sàn ju kí ètò dákú lójú oníbàárà.

Debian 12, ẹ̀dà Linux kan tó jáde ní 2023, tún fi ìdíwọ́ kan kún un. Tẹ pip install lásán níbẹ̀, yóò dá ọ dúró pẹ̀lú externally-managed-environment, nítorí Debian fúnra rẹ̀ ń fi Python ṣiṣẹ́ abẹ́nú, pip sì lè da ohun tí apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń gbé package wọlé, ti tò rú. Ọ̀nà àbáyọ ni kí o kọ́kọ́ tẹ python3 -m venv .venv, èyí tó ń ṣe fódà package ọ̀tọ̀ bíi ti virtualenv, kí o sì máa lo pip tó wà nínú fódà yẹn.