Aṣọ Ojúgun: Ẹ̀ṣọ́ Ẹsẹ̀ ní Ọ̀nà Oko

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ẹ̀gún gún ni í ṣe lákáláká lọ bá alábẹ. Òótọ́ ni. Alábẹ kì í kúrò nílé rẹ̀ kí ó máa wá ẹlẹ́gùn-ún kiri. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe kí ẹ̀gún náà má tilẹ̀ gún wa rárá?

Ó wà. Ẹ̀kọ́ wa òní dá lórí ojúgun àti ọrùn ẹsẹ̀, àti aṣọ kékeré kan tí ó lè ṣọ́ wọn. Aṣọ náà fúyẹ́. Kò gbówó lórí. Ẹni tí ó bá mọ abẹ́rẹ́ dì mú lè rán an nílé.

Ohun tí ó wà ní ọ̀nà oko

Ilẹ̀ Kétu jẹ́ ilẹ̀ gíga tí ó tẹ́jú, erùpẹ̀ rẹ̀ sì pupa. Ó wà ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, ẹ̀wà àti òwú. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí dé oṣù keje. Òjò kékeré tún máa ń rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Ní àkókò wọ̀nyí ni iṣẹ́ pọ̀ jù lóko. Ní àkókò náà gan-an ni koríko máa ń bo ojú ọ̀nà.

Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tí ó ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ ní kùtùkùtù. Ó gbé agbọ̀n rù, nítorí náà kò lè máa wo ilẹ̀ dáadáa. Sálúbàtà ni ó wọ̀. Ìró rẹ̀ kò ju agbede-méjì ojúgun lọ. Kí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bá pàdé kí ó tó dé oko? Eèmọ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Wèrèpè lè yún un. Ẹ̀gún lè ya á lára. Eégbọn lè gùn ún. Ìjàlọ lè bù ú jẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ yóò wọ inú bàtà rẹ̀. Bí ó bá sì ṣe kòńgẹ́ aburú, ó lè tẹ ejò mọ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìsàlẹ̀ orúnkún ni ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ti ń bá wa jà. Ojúgun ni ó ń ṣíwájú wọ inú igbó. Síbẹ̀, òun ni a sábà máa ń fi sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ejò

Ejò kì í déédéé wá ènìyàn jà. Bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn a sá lọ. Ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ kì í sábà sá. Ńṣe ni yóò ká jọ sí ojú kan, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dàbí ewé gbígbẹ. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ó sún mọ́ ọn jù ni ó máa ń bù ṣán. Nítorí pé ilẹ̀ ni ó wà, àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ tàbí ojúgun ni eyín rẹ̀ máa ń bà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 5.4 ni ejò ń bù ṣán lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Láàárín 81,000 sí 138,000 nínú wọn ni ó ń kú. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 2017 ni Àjọ náà fi oró ejò kún àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì.

Egbò Buruli

Ohun kejì kì í ṣe ariwo bí ejò. Egbò kan ni, tí à ń pè ní Buruli. Orúkọ agbègbè kan ní ilẹ̀ Uganda ni. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré lábẹ́ awọ ara. Kókó náà kì í sábà dunni, nítorí náà ènìyàn kì í kà á sí. Nígbà tí ó bá yá, awọ ibẹ̀ yóò ṣí, yóò sì di egbò ńlá. Ẹsẹ̀ àti apá ni ó máa ń mú jù. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí, ó lè sọ ènìyàn di arọ.

Àìsàn yìí kò jìnnà sí wa. Ó wọ́pọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Benin, ní àwọn ibi tí omi kò ti ń ṣàn dáadáa. Ní Pobè, ní gúúsù Kétu, ilé ìwòsàn kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Raoul Follereau. Egbò Buruli àti ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Bí ènìyàn bá tètè lọ, oògùn tí a ó lò fún ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó sàn.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ọ̀nà gan-an tí kòkòrò náà ń gbà wọ inú ara. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ohun kan. Ní ọdún 1995, àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí kan jáde láti agbègbè Daloa ní Côte d'Ivoire. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń wọ ṣòkòtò gígùn kì í sábà ní egbò náà tó àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wà ní ìhòòhò. Ẹ rí i pé aṣọ lásán ń ṣe iṣẹ́ oògùn.

Kí ni aṣọ ojúgun?

Aṣọ ojúgun ni aṣọ tí a fi ń bo ẹsẹ̀ láti orí bàtà títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀, nítorí òde bàtà ni ó máa ń wà. Àwọn Faransé ń pè é ní guêtres.

Kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, láti 1914 dé 1918, àwọn Faransé kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Dahomey lọ jà. Dahomey ni à ń pe Benin títí di ọdún 1975. Àwọn sójà wọ̀nyí máa ń wé aṣọ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojúgun wọn, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Iṣẹ́ kan náà ni aṣọ yẹn ń ṣe.

Lónìí, àwọn tí ń gun òkè àti àwọn tí ń sáré nínú igbó fún eré ìdárayá ń lò ó ní ilẹ̀ púpọ̀. Ní Morocco, eré ìje kan wà tí à ń pè ní Marathon des Sables. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986. Àwọn asáré máa ń sá nǹkan bí kìlómítà 250 nínú aṣálẹ̀ Sahara, fún ọjọ́ mélòó kan. Bí yanrìn bá wọ inú bàtà wọn, ẹsẹ̀ wọn yóò lé ròrò, wọn kò sì ní lè sáré mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu bàtà. Bí ẹni tí ń sáré fún eré bá ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, mélòó mélòó ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ ilé rẹ̀?

Irú aṣọ wo ni ó dára?

Aṣọ fẹ́lẹ́ tó fún yanrìn, eèmọ́ àti wèrèpè. Fún ẹ̀gún, aṣọ tí ó nípọn díẹ̀ ni ó dára. Aṣọ jíǹsì dára púpọ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Herbert àti Hayes, dán jíǹsì wò. Wọ́n jẹ́ kí ejò olóró bu ọwọ́ àtọwọ́dá ṣán. Wọ́n fi jíǹsì bo òmíràn, wọ́n sì fi òmíràn sílẹ̀ lásán. Oró tí ó wọ inú èyí tí a bò dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ejò ti ọ̀dọ̀ wọn kì í ṣe ejò ti ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n a rí i pé aṣọ tí kò fún mọ́ ara lè gba díẹ̀ nínú oró náà.

Bí a ṣe ń rán an

Ẹ wá ògbólógbòó ṣòkòtò jíǹsì kan. Èyí tí orúnkún rẹ̀ ti ya náà dára. Ẹ tún wá okùn, abẹ́rẹ́ àti òwú, wáyà kékeré, àti rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́.

1. Ẹ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kúrò, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 35 sókè láti etí ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ kejì bákan náà.
2. Ẹ ṣẹ́ etí òkè po, kí ẹ rán an, kí ẹ sì ti okùn bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ti okùn bọ ṣòkòtò.
3. Ẹ gé rọ́bà táyà náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ rán in mọ́ etí ìsàlẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ó lè gba abẹ́ bàtà kọjá níwájú gìgísẹ̀.
4. Ẹ tẹ wáyà bí ìkọ́, kí ẹ rán in mọ́ iwájú ìsàlẹ̀. Ìkọ́ yìí ni yóò fi okùn bàtà kọ́, kí aṣọ má bàa máa gòkè.

Bí a ṣe ń lò ó

Kí ẹ tó wọ bàtà, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ inú aṣọ náà. Ẹ wọ bàtà. Ẹ fa aṣọ bo ẹnu bàtà, ẹ fi rọ́bà kọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì so okùn òkè. Ẹ má so ó le jù. Ó yẹ kí ìka méjì lè wọ abẹ́ okùn náà. Ẹni tí ó wọ ṣòkòtò lè wọ̀ ọ́ lé ṣòkòtò. Ẹni tí ó ró ìró lè wọ̀ ọ́ sábẹ́ ìró.

Bí ẹ bá ti oko dé, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì yẹ ẹsẹ̀ yín wò dáadáa. Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá rí ọgbẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí kókó tí kò dunni, ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì. Ẹ máa fọ aṣọ náà, kí ẹ sì sá a sí oòrùn.

Ohun tí kò lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Aṣọ ojúgun kì í ṣe irin. Eyín ejò ńlá lè gún un jáde. Kò sì wúlò pẹ̀lú sálúbàtà, nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ ṣì wà níta. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó bàtà róbà gíga, kí ó rà á fún ibi ẹrẹ̀ àti omi. Ẹ mú ọ̀pá dání láti fi na koríko níwájú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan iná.

Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán síbẹ̀, ẹ tètè tú aṣọ ojúgun rẹ̀, kí ẹ sì bọ́ bàtà àti ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ náà yóò wú. Ẹ má fi abẹ sín in. Ẹ má fi ẹnu fa oró náà. Ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ náà kí ó má máa mì. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò wà.

Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé wa lọ sóko, òun ni ó sì ń gbé wa bọ̀ wálé. Ògbólógbòó ṣòkòtò tí a fẹ́ sọ nù lè dáàbò bò ó. Ẹ jẹ́ kí a rán an kí òjò tó dé.

Ìbéèrè

1. Kí ni nǹkan mẹ́ta tí ó lè pa ẹsẹ̀ lára ní ọ̀nà oko yín?
2. Báwo ni egbò Buruli ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín aṣọ ojúgun àti ìbọ̀sẹ̀?
4. Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ tú aṣọ ojúgun ẹni tí ejò bù ṣán?
5. Ẹ wọn ojúgun yín láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ sínú ìwé yín.